Búréèkì Iwájú, Búréèkì Ẹ̀yìn

Kò sí ẹni tó rántí oníbàárà tó kọ́kọ́ pe onígbàjámọ̀ náà ní Má-Mira, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ ìdí rẹ̀. Bí orí ènìyàn bá ti bọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa tẹnu rẹ̀ jáde: "Má mira. Mo ní má mira." Ohun tó ń pa àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́rìn-ín ni pé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, tó ní àga onírin méjì, dígí gígùn kan àti fáànù tó ń mi orí bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀, onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni kì í dúró lójú kan. Yóò gẹ irun níhà ọ̀tún, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ wo òde, yóò padà wá gẹ níhà òsì, yóò yí ìgò ìpara tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó lè rí nǹkan tún tọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Bí o bá rí i láti ẹ̀yìn, wàá rò pé ọkọ̀ ló fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àìsinmi náà wá lé kenkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n yìí fi wa ọkọ̀ ojú irin kí ó tó fẹ̀yìn tì, Awakọ̀ sì ni wọ́n ń pè é títí di òní, bí ẹni pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ó dájú pé láti ibùdókọ̀ méjì sẹ́yìn ló ti ń rò ó. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú níhà òsì. Ẹsẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, àfi kí ó máa wọ́ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Apá ni kò gbọ́. Àwọn ìka ọwọ́ òsì lè di nǹkan mú, wọ́n sì lè yí nǹkan roboto, ṣùgbọ́n kí Awakọ̀ tó na apá yẹn síwájú, àfi bí ẹni tó ń bẹ ayálégbé tó ti ń bá a yan odì. Yóò bẹ̀ ẹ́, yóò dúró, apá yóò rò ó wò. Nígbà mìíràn apá á gbà, nígbà mìíràn á ní òun kò sí nílé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá a ṣe ohun gbogbo. Wọ́n ń bá a de bọ́tìnnì, wọ́n ń bá a gé ẹran, wọ́n ń bá a ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé tí kò fẹ́ kà. Má-Mira sì ni ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ àánú yìí. Kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, yóò ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n sì tó ronú kan ife tíì, ife ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó bá ń sáré ju ẹni tí à ń fẹ́ lọ, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin Awakọ̀ wá, ó ní bàbá òun kò lè máa dá gbé mọ́. Bí oṣù bá parí, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ òun, ní àjà kẹta ilé kan nínú ìlú ńlá tó jìnnà, níbi tí kò sí omi kankan àfi èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Awakọ̀ gbà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Mo fẹ́ pa ẹja kí n tó lọ," ló wí. "Ẹyọ kan péré. Èmi fúnra mi."

Ogún ọdún ó lé ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi jọ ń lọ pẹja ní gbogbo Sátidé, ní adágún tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi. Rìlì Awakọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ká okùn mọ́ ìdí ọ̀pá ìwọ̀, ti dípẹtà láti ìgbà àìsàn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, Má-Mira ti ní òun lòun á ra tuntun. Gbólóhùn mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nípa ẹja náà. Méjì àkọ́kọ́ ló gbọ́ yékéyéké.

Ọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ ìpẹja lójú pópó kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá wá ra ìwọ̀ ẹyọ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn irin. Ó gbé rìlì méjì sórí dígí káńtà.

"Ẹ wò ó, Bọ̀dá. Búréèkì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Èyí, búréèkì ẹ̀ wà níwájú, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká okùn sí, ó dà bí ọmọrí ìgò. Èyí, tiẹ̀ wà nídìí, lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ọrùn ọwọ́ yín."

"Ṣé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe?"

"Iṣẹ́ kan náà. Bí ẹja bá fà jù, búréèkì á jẹ́ kí okùn máa jáde díẹ̀díẹ̀ kó má baà já. Tẹ́ ẹ bá dì í jù, okùn á já. Tẹ́ ẹ bá tú u jù, ẹja á kó okùn yín lọ sílé àna ẹ̀."

"Èwo ló dáa jù?"

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

Má-Mira sọ ọ̀rọ̀ apá fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí.

"Tó bá jẹ́ ti agbára ni, iwájú ni. Àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ń há kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, okùn á máa jáde geere bí òróró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja bá ń fà, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò kó tó débẹ̀. Àwo tẹ̀yìn kéré, agbára ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n nígbà míì. Àmọ́ ìka méjì lásán ti dé orí ẹ̀. Fún Bàbá, tẹ̀yìn ni. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ kì í parí fún Má-Mira. Ó jáde láìrà á. Ó dé ìkóríta, ó padà. Ó gbé tiwájú sókè, ó yí i. Ó gbé tẹ̀yìn, ó yí i. Ó bi Ọ̀jọ̀gbọ́n bóyá ẹja adágún yẹn lè tóbi ju agbára tẹ̀yìn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun kò tíì bá wọn ṣe ìpàdé. Ó tún jáde.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi gba orí gbogbo tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà kan tó wá gẹrun fún ìpàdé àwọn òbí jókòó fún ìdajì wákàtí pẹ̀lú apá kan orí nínú àárọ̀, apá kejì nínú ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Má-Mira ń fi kílípà júwe bí okùn ṣe ń jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá," ni tíṣà náà wí, "ṣé tiwájú ni ẹ fẹ́ gẹ̀ ni àbí tẹ̀yìn?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Má-Mira kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi kún. "Bàbá wọn, ṣé rìlì lẹ fẹ́ rà ni àbí ìyàwó? Èmi tẹ́ ẹ fẹ́ yìí, ẹ ò béèrè tó báyìí."

"Ìwọ, kò sí èyí tí mo máa fi wé ẹ."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ ra èyí tọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín máa tó."

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé ló ra tẹ̀yìn. Ó gbé e lọ sí àgbàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Awakọ̀ jókòó sórí àga onírọ́bà, ó gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ìgò omi olílítà méjì wá. Okùn yẹn lè gbé kílò mẹ́fà kí ó tó já. Àwọn apẹja tó gbọ́n kì í di búréèkì ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọn á so okùn mọ́ ìgò kílò méjì, wọn á gbé ọ̀pá sókè, wọn á sì yí búréèkì títí ìgò yóò fi dìde, tí yóò sì tún máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Awakọ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọ̀pá sókè. Ìgò dìde nílẹ̀.

"Ó ti le jù," ni Má-Mira wí láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nídìí rìlì, ó ń yí búréèkì. Ka, ka. Ìgò wálẹ̀.

Awakọ̀ tún yí i. Ìgò dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u díẹ̀." Ka. "Rárá, ìyẹn ti pọ̀ jù." Ka, ka. "Ẹ gbé e sókè. Ẹ gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ dúró ná." Ka.

Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún, ìgò náà gòkè, ó sọ̀ bí ìgbà mọ́kànlá. Awakọ̀ gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí koríko.

"Ó dára gan-an," ló wí. "Dá a padà. Tiwájú ni mo fẹ́."

Má-Mira dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. "Kí ló ṣe é, Bọ̀dá mi?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

"Ọwọ́ yín ò lè dé iwájú!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Láti ọdún kan, kò sí ẹni tó tíì sọ ohun tí apá yẹn kò lè ṣe ní gbangba. Ńṣe ni wọ́n máa ń yára bá a ṣe é. Awakọ̀ wo apá òsì rẹ̀ lórí itan bí ẹni wo èrò tó sùn nínú ọkọ̀.

"Mo mọ ibi tọ́wọ́ mi dé, Àbúrò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wá mú mi. Àwa méjèèjì la máa lọ."

Ohun tí Má-Mira fi Ọjọ́bọ̀ rò, kò ṣe é kọ tán. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀. Ó rò pé ìgbéraga ni. Ó rò pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí òun bá rà mọ́, ìyẹn ló sì dùn ún jù, débi pé ó gẹ irun imú oníbàárà kan tí kò ní kó gẹ̀ ẹ́. Sátidé kan ṣoṣo ló kù. Bí ẹja bá fà, tí ọwọ́ òsì kò sì dé iwájú, okùn á já, ọkùnrin yìí á sì gun àtẹ̀gùn àjà kẹta lọ láìpa ohun tó ní òun fẹ́ pa. Ta ni yóò jẹ̀bi? Ẹni tó rà á ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n fún Awakọ̀ ní àga. Rìlì méjèèjì tún jókòó sórí káńtà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "ṣùgbọ́n tẹ̀yìn yìí ló bá ọwọ́ yín mu. Mo ti ń tà á láti ogún ọdún, mi ò lè tan yín."

"O ò tàn mí, ọmọ mi. Òótọ́ lo sọ." Awakọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún. "Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Bí mo bá jókòó létí omi, ta ló máa dúró lẹ́yìn mi?"

"Bọ̀dá onígbàjámọ̀ ni, mo rò."

"Òun náà ni. Nísinsìnyí, wò ó fún mi. Ibo lọwọ́ ẹ̀ wà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò. Má-Mira náà wò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí káńtà, ìka méjì lórí búréèkì ẹ̀yìn, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, ka, ka, ka, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́.

Ó yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tí iná jó. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, lọ ń wá nǹkan lábẹ́ káńtà.

"Èyí tó wà lẹ́yìn," ni Awakọ̀ wí fún àbúrò rẹ̀, kò gbé ohùn sókè, "ó súnmọ́ ọwọ́ mi. Ó tún súnmọ́ tìẹ ju tèmi lọ. Tẹ́ja bá mú un, ìwọ lo máa pa á. Mo sì mọ̀ pé wàá pa á dáadáa. Ṣùgbọ́n tiwájú, kó o tó débẹ̀, àfi kó o gbá mi mọ́ra."

"Bọ̀dá mi, mo kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. O ti ràn mí lọ́wọ́ títí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́ nínú ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Wọ́n ra tiwájú. Lójú ọ̀nà, Má-Mira kàn ń ṣí fèrèsé ọkọ̀, ó ń tì í. Nígbà tí wọ́n délé, Awakọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún yí ọmọrí náà fúnra rẹ̀, ó gbé ìgò sókè lẹ́ẹ̀mẹrin, ìgò sì yọ̀ bó ṣe fẹ́. Àbúrò rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, omi adágún náà tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Awakọ̀ jókòó sórí àga tó ń ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fìdí múlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ju ìwọ̀. Ìjù àkọ́kọ́ bọ́ sínú koríko. Ìkejì kò jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ dé ibi tí omi ti dúdú, nítòsí àwọn òpó afárá onígi tó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún Má-Mira ni kí ó di àwọ̀n mú, bí ẹja bá dé etí omi kí ó gbé e. Wọ́n ní kí ó dúró ní ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ẹ̀yìn. Ó ti ka ìṣísẹ̀ náà tó ìgbà mẹ́sàn-án. Nígbà mìíràn ó jẹ́ mẹ́rin.

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni ọ̀pá tẹ̀.

Kò tẹ̀ bí ìgbà tí ẹja kékeré ń yọ ìdẹ jẹ. Ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró bẹ́ẹ̀, rìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí kígbe, kẹrrr, okùn ń sá lọ sórí omi.

"Ẹ dì í, Bọ̀dá mi!"

Awakọ̀ kò fọwọ́ kan búréèkì. Ó gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ó jẹ́ kí ẹja máa lọ, bí ẹni tó mọ̀ pé ojú irin kì í parí lójijì. Okùn jáde geere. Ó lọ, ó lọ, ìgbe rìlì rọlẹ̀, ó dákẹ́. Nígbà náà ni àwọn ìka ọwọ́ òsì di apá rìlì, irin tí wọ́n fi ń yí i, mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn: yíyí kan, ìsinmi, yíyí kan. Ó lọ́ra débi pé Má-Mira ń fi eyín ara rẹ̀ bá a yí i. Ó fi àwọ̀n lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó kẹ̀yìn sí omi kí ó má baà rí i, ó sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹja yọ ẹ̀yìn sójú omi lẹ́ẹ̀kan. Àrọ̀ ni, ó dúdú, ó gùn tó apá géńdé. Bó ti rí wọn, ó yí orí sí àwọn òpó afárá.

Àwọn méjèèjì ló rí i. Bí ó bá wọ àárín òpó, ó parí. Ó yẹ kí wọ́n di búréèkì díẹ̀ sí i, ìró ka méjì péré. Ọwọ́ òsì Awakọ̀ kúrò lára apá rìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ síwájú.

Má-Mira ju àwọ̀n sílẹ̀. Ó ti rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí ó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ó na ọwọ́ sí ìdí rìlì, níbi tí ohun gbogbo ì bá ti rọrùn. Ibẹ̀ ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè yí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́. Iwájú rẹ̀ báyìí ni ọwọ́ òsì Awakọ̀ wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó rí iṣan tó yọ létí ọrùn ọwọ́ náà, ó ń lọ bí ìgbín lórí ògiri. Ó dúró. Ó tún lọ. Awakọ̀ ń mí láti ẹnu. Má-Mira fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ọwọ́ náà dé orí ọmọrí. Ka. Ka.

Ẹja dúró. Fún ìgbà tí ènìyàn lè fi mí kan, ó dúró ní tòótọ́, okùn le gan-an láàrin àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó fi gbogbo ara sọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, okùn ha lára òpó àkọ́kọ́, ó já. Ọ̀pá nà tọ̀ọ̀.

 Èjìká Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Má-Mira rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ gbá a mú, ó wá rí ojú rẹ̀: ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí kò láriwo, tó ń ti inú wá.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bọ̀dá mi. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ká ní ó tètè—"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ẹja." Ọwọ́ òsì náà ṣì wà níwájú, lórí ọmọrí, kò tíì padà. Awakọ̀ kò sì fẹ́ kí ó tètè padà. "Ó débẹ̀."

"Ó débẹ̀, Bọ̀dá mi."

"Ẹja yẹn, èmi ni mo pàdánù ẹ̀. Kò kàn ẹ́ rárá. Má bá mi pín in."

"Mo gbọ́."

"Gbé àpótí ìwọ̀ sún mọ́ mi. Gbé e sílẹ̀. Má ṣí i."

Má-Mira gbé e sílẹ̀, kò ṣí i. Awakọ̀ ṣí i, ó mú ìwọ̀ tuntun, ó há a sáàárín ìka òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá ojú rẹ̀ pẹ̀lú okùn. Okùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwọ̀. Ó tún kọjá. Onígbàjámọ̀ tó ti ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó padà. Ó rìn dé ibi àwọ̀n, ó gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí omi kankan lára rẹ̀. Ó padà. Okùn kò tíì wọlé.

"Bí o ò bá lè dúró, máa rìn," ni Awakọ̀ wí, kò gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n òdìkejì ni kó o gbà. Òjìji rẹ ń bo ọwọ́ mi."

Má-Mira gba òdìkejì.